Ilé-ìwé kan, ọjọ́ ìbí mẹ́ta: ṣé kí n rán ọmọ mi lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Budapest?

Ìyá Abẹ́òkúta:

Ẹ má bínú pé mo kàn já lu ọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin mi ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́dísìn ló ń fẹ́, ẹ̀kọ́ mìíràn ni wọ́n ń fún un. Ejẹ́ǹtì kan wá sọ fún wa pé yunifásítì kan wà ní Budapest, lórílẹ̀-èdè Họ́ńgárì, Semmelweis lorúkọ rẹ̀, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi kọ́ ọ, àti pé láti 1769 ló ti wà. Ọmọ yìí lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ibì kan sọ pé 1769, ibòmíràn sọ pé 1951, ibòmíràn tún ní 1969. Ilé-ìwé wo ló ń ní ọjọ́ ìbí mẹ́ta? Ilẹ̀ bàbá mi ni mo fẹ́ tà sí i. Ẹ sọ òótọ́ fún mi.

* * *

Dókítà Ọ̀ṣogbo:

Ẹ kú àníyàn, Mà. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé jáde. Lórí ọdún yìí, ejẹ́ǹtì yín ò parọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tọ̀nà.

Ní 1769, Ọbabìnrin Maria Theresa dá ẹ̀ka ìṣègùn sílẹ̀ nínú yunifásítì kan tó wà ní Nagyszombat. Ìlú yẹn ti bọ́ sínú Slovakia lónìí, Trnava ni wọ́n ń pè é. Yunifásítì ọ̀hún ti wà láti 1635, Péter Pázmány, àlùfáà àgbà ìjọ Kátólíìkì, ló dá a sílẹ̀, àmọ́ kò sí ìṣègùn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1777 wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Buda, ní 1784 wọ́n tún kó o sọdá odò Danube lọ sí Pest. (Budapest ò tíì sí nígbà yẹn o. 1873 ni Buda, Óbuda àti Pest papọ̀ di ìlú kan.) Nígbà tó di 1951, ìjọba yọ ẹ̀ka ìṣègùn kúrò lára yunifásítì àgbà, ó di ilé-ìwé tó dá dúró. Ní 1969, tí ó pé 200 ọdún, ni wọ́n fi orúkọ Semmelweis sọ ọ́.

Ẹ wò ó bí ọmọ tí wọ́n bí sílé bàbá rẹ̀, tó dàgbà tó lọ gba ilé tirẹ̀, tó wá joyè lẹ́yìn náà. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ọjọ́ tó joyè ni wọ́n bí i.

* * *

Ọmọ UI:

Kí la wá ń wá lọ sókè òkun fún àpẹẹrẹ? UI tiwa náà, 1948 ló bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀n, 1962 ló dá dúró. Ilé-ìwòsàn rẹ̀, UCH, ò ṣí ilẹ̀kùn títí di 1957, ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ fi ní láti lọ parí ẹ̀kọ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀n.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí nìyí, Dókítà, ẹ má bínú. Ọmọ tí JAMB dá padà lẹ́ẹ̀mejì, ṣé Budapest ló máa ti gbọ́n? Gbogbo ilé-ìwé òkè òkun tó ń gba àwọn ọmọ wa yìí, dọ́là ni wọ́n ń wá. Tí o bá ti lè san owó, o ti di dókítà.

* * *

Dókítà Ọ̀ṣogbo:

Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí etí mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Ohùn méjì ni mo máa ń gbọ́. Ohùn kan ní ọmọ tí kò wọlé sí UI kò lè kọ́ ìṣègùn níbikíbi. Ohùn kejì, ti àwọn ejẹ́ǹtì, ní kó ṣáà ti dé ibẹ̀, ayé ti ṣí sílẹ̀ fún un. Mi ò gba ìkankan nínú méjèèjì.

JAMB kì í dá ọmọ padà torí pé kò gbọ́n nìkan. Àyè ló kéré, àwọn tó ń dù ú sì pọ̀ jù. Ní Semmelweis náà, wọ́n á bi í ní bàọ́lọ́jì àti kẹ́mísírì kó tó wọlé, wọ́n á sì gbọ́ bó ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Kí n má tàn yín, wíwọlé síbẹ̀ lè rọrùn ju ti Ìbàdàn lọ. Iṣẹ́ wà nínú àtidúró.

Ìdánwò ibẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ máa rí ìwé pélébé lórí tábìlì, wọ́n á dojú wọn délẹ̀, ẹ ó fa ọ̀kan. Tétel ni wọ́n ń pè é. Ohun tó bá jáde lẹ ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó síwájú yín, kì í rẹ́rìn-ín, á jẹ́ kẹ́ ẹ sọ tán, á wá ní, "Kí ló tún kù?" Láti 1 dé 5 ni máàkì. 5 ló ga jù. 1 túmọ̀ sí pé ẹ ó padà wá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fa tétel nínú ìmọ̀ ẹ̀yà ara, kíndìnrín ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo mọ kíndìnrín! Mo ti kà á títí mo fi ń lá a lálàá. Ìṣẹ́jú méjì ni mo fi sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀, ahọ́n mi wá lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Níbi tí mo ti kàwé nílé, kò sẹ́ni tó ní kí n la ẹnu ṣàlàyé nǹkan rí; kọ ọ́ sílẹ̀, fà á fún tíṣà, ó parí. Mo gba 1. Mo sunkún nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ láti Nagyvárad tér títí mo fi dé ilé, màmá àgbàlagbà kan fún mi ní súìtì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń fún èèyàn láyè láti ṣe ìdánwò kan nínú sáà ìdánwò. Orí Neptun, ìyẹn ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn yunifásítì Họ́ńgárì ń lò, lèèyàn ti ń mú ọjọ́ tó bá wù ú. Ẹni tó bá sùn á jí bá ọjọ́ tí kò wu ẹnikẹ́ni. Kíláàsì náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pa jẹ. Ẹni tí kò bá wá tó, wọn ò ní buwọ́ lùwé fún un, kò sì ní dé ibi ìdánwò rárá.

Nítorí náà, dọ́là nìkan kọ́, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó san dọ́là tí wọn ò parí ọdún kìíní wà nínú àwọn tá a jọ wọlé.

* * *

Ìyá Abẹ́òkúta:

Ẹ̀rù wá ń bà mí o. Ṣé ìṣègùn nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Bí eléyìí bá le jù ńkọ́?

* * *

Dókítà Ọ̀ṣogbo:

Rárá, Mà. Ìṣègùn jẹ́ ọdún 6, kírédíìtì 360. Ọdún méjì àkọ́kọ́, ìwé àti òkú tí wọ́n ń gé wò ni: ẹ̀yà ara, kẹ́mísírì, físíìsì, bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún kẹta lèèyàn ti ń dé wọ́ọ̀dù. Ọdún kẹfà kò sí kíláàsì tó ṣe gúnmọ́. Ẹ ó máa yí káàkiri ilé-ìwòsàn: iṣẹ́ abẹ, ọmọdé, aboyún, àìsàn ọpọlọ. Ẹ ó kọ ìwé ìwádìí tiyín, ẹ ó sì ṣe ìdánwò ìjọba níkẹyìn.

Ìṣègùn eyín jẹ́ ọdún 5, fáàmásì náà ọdún 5. Láti 1955 ni ẹ̀ka méjèèjì yìí ti dá dúró láyè ara wọn. Nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti fisiotẹ́rápì wà ní ẹ̀ka mìíràn. Ẹ béèrè dáadáa lórí ìwọ̀nyí, torí kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ẹ̀ka kan tún wà tí mo fẹ́ràn, èyí tí wọ́n fi orúkọ András Pető sọ, tó dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2017. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń tọ́ ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa nígbà ìbí, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, láti jókòó, láti dìde, láti di ṣíbí mú. Ká ní irú rẹ̀ pọ̀ nílé wa ni.

Àwọn eléré ìdárayá pàápàá ti wà nínú ilé-ìwé yìí rí, láti 2000 títí di 2014 tí wọ́n tún pínyà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí yẹn kò tíì parí.

* * *

Èrò Jámánì:

Ẹ gbọ́ tèmi. Jámánì ni mo wà. Àwọn ọmọ Jámánì pọ̀ ní ilé-ìwé yẹn bí esú, torí 1983 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Jámánì kọ́ ìṣègùn níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ ló dé. Láti 2008 wọ́n tiẹ̀ ní ọgbà kan ní Hamburg níhìn-ín, tí àwọn ọmọ ti ń parí ẹ̀kọ́ wọn. Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí Yúróòpù ni, gbogbo Yúróòpù ló gbà á. Ọmọ yín á jáde lónìí, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la.

* * *

Dókítà Ọ̀ṣogbo:

Ọ̀gá mi, ẹ dúró díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ejẹ́ǹtì fi gbowó lọ́wọ́ bàbá mi.

Òfin tẹ́ ẹ ń sọ wà, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti 2005 (2005/36). Ó ní ẹ̀kọ́ ìṣègùn kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 5 àti wákàtí 5,500, pé ìwé-ẹ̀rí tó bá sì tó bẹ́ẹ̀, kí gbogbo orílẹ̀-èdè wọn gbà á fún ara wọn láìtún dán ẹnikẹ́ni wò. Àmọ́ ọmọ onílùú ni wọ́n ṣe òfin náà fún. Ẹni tó mú páásìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà lọ́wọ́, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló mọ bó ṣe máa ṣe é. Ọ̀dọ̀ tiyín ní Jámánì, wọn kì í wo páásìpọ́ọ̀tù lórí èyí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé wọn kì í dán èèyàn wò ní Jámánì àwọn dókítà, ní ìwọ̀n C1, ìyẹn ti ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa? Ta ló kọ́ ọmọ Abẹ́òkúta tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé ní Budapest? "Jáde lónìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la" kọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí yìí, àwọn ará Họ́ńgárì fúnra wọn ti jìyà rẹ̀ rí. Vilma Hugonnai ni obìnrin Họ́ńgárì àkọ́kọ́ tó di dókítà. Zurich ló ti lọ kọ́ ọ torí wọn kò gba obìnrin nílé, ó gba oyè ní 1879. Ó padà dé, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n sí dókítà. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ló ń ṣe jẹun títí di 1897 kí wọ́n tó gba ìwé rẹ̀. Ọdún 18! Ní ìlú bàbá rẹ̀ o.

Èmi, ilé ni mo padà sí. Ìdánwò tí MDCN, àjọ tó ń fún àwọn dókítà níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà, ń ṣe fún àwọn tó kàwé lókè òkun ni mo kọ́kọ́ ṣe, kí n tó bẹ̀rẹ̀ "house job". Nínú ìwé ni mo ti mọ ibà ní Budapest. Mo dé Ọ̀ṣogbo, nọ́ọ̀sì tó wà ní wọ́ọ̀dù ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo ojú ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀.

* * *

Ojú Alákàn:

Àbúrò mi wà ní Ukraine nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní February 2022. Họ́ńgárì yìí náà ló sá gbà. Ó ń bá ẹ̀kọ́ lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, MDCN ní àwọn ò ní gba ìwé-ẹ̀rí ìṣègùn tí wọ́n kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí ìyá yìí mọ̀ pé ibi tó jìnnà máa ń ní tirẹ̀.

Ìbéèrè mi: ta ni Semmelweis gan-an? Olówó tó kọ́ ilé-ìwé náà ni?

* * *

Dókítà Ọ̀ṣogbo:

Ẹ kú ìrònú àbúrò yín o.

Olówó kẹ̀! Ọmọ oníṣòwò ni, ìlú Buda ni wọ́n ti bí i ní 1818. Ignác lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè níbẹ̀, Semmelweis Ignác. Ní 1846 ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìgbẹ̀bí ní Vienna. Apá méjì ni ilé náà ní. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà wà ní apá kìíní, àwọn agbẹ̀bí wà ní apá kejì. Lọ́dún yẹn, nínú abiyamọ 100 ní apá kìíní, ó lé ní 11 tí ibà ìkúnlẹ̀ ń pa. Ní apá kejì, wọn ò pé 3. Àwọn aboyún mọ̀. Wọ́n á máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má gbé àwọn lọ sí apá kìíní, àwọn mìíràn yàn láti bímọ sójú títì.

Ní 1847, ọ̀bẹ gé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Kolletschka, níbi tí wọ́n ti ń la òkú. Ọkùnrin náà kú, àìsàn tó pa á sì jọ ti àwọn abiyamọ. Ibẹ̀ lojú Semmelweis ti là: àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ń kúrò nídìí òkú, wọ́n ń bọ́ sídìí aboyún, ọwọ́ kan náà. Ó ní kí gbogbo wọn máa fi omi ẹfun kilorín fọwọ́. Ní April, 18 nínú 100 ló ń kú. Ní June, ó ti di 2.

Ẹ rò pé wọ́n jó fún un? Àwọn àgbà dókítà ní ìwọsí ni, pé ọwọ́ ọmọlúàbí ò lè dọ̀tí. Ó kúrò ní Vienna ní 1850, ó padà sí Pest, ó ṣe irú rẹ̀ nílé-ìwòsàn Rókus, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì náà ní 1855. Ìwé tó kọ ní 1861, wọ́n bẹnu àtẹ́ lù ú. Ní 1865 wọ́n tì í mọ́ ilé àwọn alárùn ọpọlọ ní Vienna. Ó kú síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọgbẹ́ tó kẹ̀ ló pa á, ọmọ ọdún 47. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ayé wá mọ̀. Ilé tí wọ́n bí i sí ti di mùsíọ́mù, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin egungun rẹ̀ sí.

Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Mo sọ ọ́ fún ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun.

* * *

Ọmọ UI:

Ìtàn dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń yẹ ìbéèrè kan sílẹ̀. Wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yín. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni aláìsàn ń sọ?

* * *

Dókítà Ọ̀ṣogbo:

Ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí. Ejẹ́ǹtì kì í dárúkọ èyí rárá.

Aláìsàn kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Họ́ńgárì ló ń sọ, wọ́n á sì fi èdè náà dán yín wò kẹ́ ẹ tó débẹ̀. "Hol fáj?" ni "níbo ló ń dùn yín?" "Mióta?" ni "láti ìgbà wo?" Ẹ lè mọ ìbéèrè náà, kẹ́ ẹ má mọ ìdáhùn. Bàbá kan sọ ìtàn ìkùn rẹ̀ fún mi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ "ìyàwó mi" àti "kábéèjì" nìkan ni mo gbọ́.

Nǹkan kan wá ràn mí lọ́wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì máa ń ya ọkùnrin àti obìnrin sọ́tọ̀ tó bá ń pe ẹni tí kò sí níbẹ̀. Họ́ńgárì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Ő" ni wọ́n ń pe tọkùnrin tobìnrin, bí àwa náà ṣe ń sọ "ó". Wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́, bí "ẹ" tiwa. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó wà ní kíláàsì wa ń fi èdè ọmọdé bá àwọn bàbá arúgbó sọ̀rọ̀, wọn ò sì mọ̀ pé àwọn ń ṣàìbọ̀wọ̀. Èmi kì í ṣe àṣìṣe yẹn.

Ilé-ìwé náà gan-an, Látìnì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọ́ni níbẹ̀, lẹ́yìn náà Jámánì, kí Họ́ńgárì tó wá gba ipò.

* * *

Ìyá Abẹ́òkúta:

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ṣé tí mo bá ta ilẹ̀, ó tó?

* * *

Dókítà Ọ̀ṣogbo:

Náírà lẹ máa gbà lórí ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó sì tà á. Owó òkèèrè ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, ọdún mẹ́fà gbáko. Ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Ní February 2024 ó ti kọjá 1,400. Àwọn òbí tó ti ṣírò tiwọn tán ní 2022, ẹ lọ bi wọ́n ohun tójú wọn rí. Tí owó ilẹ̀ náà kò bá lè dúró sínú dọ́là fún ó kéré tán ọdún mẹ́ta, ẹ má tà á.

Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba Họ́ńgárì wà, Stipendium Hungaricum, láti 2013. Nàìjíríà ti wà nínú rẹ̀ rí, ẹ bi Federal Scholarship Board ní Abuja bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ìṣègùn ṣí sílẹ̀ fún wa, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ló ṣí fún gbogbo ìlú. Ejẹ́ǹtì kò nílò láti wà nídìí èyí.

Ẹ̀yin míì tún lè gbọ́ pé Yúróòpù ti fòfin de ilé-ìwé náà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 2021, àjọ afúnnilówó kan tí ìjọba gbé kalẹ̀ ló ń darí rẹ̀, bíi ti àwọn yunifásítì mìíràn níbẹ̀, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì sọ ní December 2022 pé àwọn ò ní bá irú àjọ bẹ́ẹ̀ ṣe àdéhùn tuntun lórí owó Erasmus, ìyẹn ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ìwé-ẹ̀rí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Kẹ́ ẹ tó pe ẹni tó fẹ́ rà ilẹ̀, Mà, ẹ dán ọmọ náà wò. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀yà ara ogún sínú ìwé pélébé, ẹ kó wọn sínú ife, kó fa ọ̀kan, kó la ẹnu ṣàlàyé rẹ̀ fún yín láìwo ìwé.

* * *

Ìyá Abẹ́òkúta:

Mo ti ṣe é lálẹ́ àná. Àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó bí ìgbìmọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló fà. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. Àbíkẹ́yìn mi ní, "Kí ló tún kù?"

* * *

Dókítà Ọ̀ṣogbo:

Ìṣẹ́jú mẹ́rin! Ó fi ìlọ́po méjì jù mí lọ. Ẹ kó ife yẹn pa mọ́, kó tún fà á lọ́la.